Ahọ́n Tí Mo Fi Tọ́ Aró Wò

Òórùn aró ló máa ń jí wa láàárọ̀ nínú àgbàlá wa ní Egan. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí: ó dà bí ewé tó ti rà sínú omi, ó sì ní adùn kan nísàlẹ̀ tí n kò rí orúkọ fún títí dòní. Abẹ́ igi ìyeyè ni ìkòkò ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wà. Ewé èlú àti omi eérú ló ń rẹ síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá aró ti tó, á ki ìka bọ̀ ọ́, á tọ́ ọ wò, á di ojú. Bí kò bá ta ahọ́n, aṣọ kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Lọ́dún kan, ibà mú Màmá, gbogbo nǹkan ń korò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n máa bá òun tọ́ aró wò. Inú mi dùn bí ẹni tó joyè.

Tíṣà kan, ọmọ Èkìtì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, gbé kíjìpá funfun wá. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún. Ó fẹ́ kó dúdú minimini, kí òun ró o lọ sílé lọ́jọ́ kejì fún ìrántí ìyá náà. Ìyá mi sì ti ní òun á mú mi lọ sí ọjà Ìkòtún bí iṣẹ́ bá ti parí. Mo tọ́ aró wò. Ó tẹ́ lẹ́nu bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́. Mo wo ìyá mi tó ń wé gèlè lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ó ti tó, Màmá."

Nígbà tí a fi máa ti Ìkòtún dé, kíjìpá náà ti wà lórí okùn, kò dúdú, ó kàn rí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ojú sánmà nígbà ọyẹ́. Tíṣà dúró níwájú rẹ̀ títí. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lòun máa ró o ṣá, àyè àtitún un rẹ kò sí mọ́. Màmá kò nà mí. Orí ẹní ló ti pè mí.

"Ahọ́n rẹ kò parọ́ fún ọ. Ìwọ lo parọ́ fún wa, àbí?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo rò pé kò ní pè mí mọ́. Nígbà tí ìkòkò mìíràn pé ọjọ́, èmi náà ló tún pè. Ìyá mi tún ti múra ọjà. Mo tọ́ ọ wò, mo di ojú, mo pẹ́ díẹ̀. "Kò tíì tó, Màmá." Ìyá mi lọ láìsí mi. Mo jókòó ti ìkòkò, oòrùn ń yọ́ gba àárín ewé ìyeyè bọ́ sára mi.

Ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo ti dàgbà ju Màmá ìgbà náà lọ, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì máa ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá bi mí bóyá ó ti tó. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń ní ó ti tó, kí wọ́n lè jẹ́ kí n sinmi. Wọn kì í tíì dé ẹnu ọ̀nà tí n óò fi rí kíjìpá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ yẹn tó ń fì lórí okùn, n óò sì pe ọmọ náà padà.