Ìkíni Tí Mo Fi Ń Rán An

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi igi ha ẹrẹ̀ ara sálúbàtà rẹ̀. Ó fẹ́ lọ kí aláìsàn kan lẹ́yìn ilé wa. Mo ń ka ìwé ìròyìn, n kò gbójú sókè.

"Daddy, ẹ ò ní bá mi lọ?"

"Bá mi kí wọn."

"Mo kúkú mọ̀. Mẹ́sẹ́njà yín ṣáà ni mí."

Ó lọ, ó bọ̀, ó ní wọ́n kí mi. A jẹun, a sùn. Ilẹ̀ mọ́, kò jí.

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn látìgbà tí a ti kó wá sí àdúgbò yìí ní Ọ̀fà. Ìkómọ, ìṣílé, òkú: òun ló ń lọ, èmi ń fi ìkíni rán an. Lójú mi, a jọ lọ náà ni.

Lọ́jọ́ àdúà fídáù, ilé kún. Àwọn tí n kò mọ̀ rí ń sunkún jù mí lọ. Ìyá arúgbó kan tó ń ta èlùbọ́ ní oríta wa di ọwọ́ mi mú.

"Alhaji, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ yín, mà."

"Irọ́ ńlá! Ìyàwó yín ló mọ̀ mí. Ẹ̀yin kàn máa ń juwọ́ látinú mọ́tò bíi gómìnà ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Àwọn ọmọ wa padà sí ibi iṣẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn mọ́. N kò bínú, ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá gé èbù rẹ̀ kéré, kó má retí iṣu ńlá. Èbù tí mo gbìn sí àdúgbò yìí kò tó nǹkan. Láti àárọ̀ di alẹ́, ohùn mi nìkan ni mò ń gbọ́, nígbà tí mo bá ń kírun.

Ní mọ́ṣáláṣí ni mo ti gbọ́ pé ọmọbìnrin ìyá elélùbọ́ bímọ. Mo dé fìlà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí. Kò sẹ́ni tí mo lè rán. Mo ra ọṣẹ, mo fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ìyá náà wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, bíi pé ẹnìkan ṣì ń bọ̀.

"Ẹ̀yin nìkan, Alhaji?"

"Èmi nìkan ni, mà. Ẹ kú ewu ọmọ."

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu àga fún mi. Mo jókòó.