Ọjọ́ Tí Màmá Ẹ́ńjìnnì Wọ Ọkọ̀

Ìyàwó mi kì í jókòó. Mi ò fi bú u o, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Orí ìdúró ló ti máa ń jẹun. Bí àlejò bá wá kí wa, kí àlejò tó mu omi tán, ó ti yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Télọ̀ ni èmi, ìjókòó sì ni iṣẹ́ mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni àwa méjèèjì ṣe ń ṣe é. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé èmi ni mo ń bá a jókòó ìpín tirẹ̀.

Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ̀yìnkùlé ni tirẹ̀: páànù lókè, tábìlì gígùn kan tí epo ti sọ di dúdú, àti kòtò oníṣìmẹ́ńtì kan tó kún fún omi. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀. Bó bá tún ọ̀kan ṣe tán, á fi ṣéènì gbé e rọ̀ sínú kòtò náà, á tan án, gbogbo àdúgbò á sì máa bú mi nítorí ariwo rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Màmá Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pè é káàkiri etí omi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ àfi èmi ni pé Màmá Ẹ́ńjìnnì ò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Lọ́jọ́ náà, òun, bàbá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń lọ sí òdìkejì omi. Ẹ́ńjìnnì kú lágbedeméjì. Bàbá fa okùn rẹ̀ títí, kò tan. Ìgbì dé, ó dojú ọkọ̀ dé. Àwọn apẹja rí bàbá, wọ́n rí òun náà, wọn ò rí àbúrò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́ fún mi, lọ́dún tá a fẹ́ra, kò sì tún un sọ mọ́.

Ẹ óò bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe fún ọgbọ̀n ọdún láìwọ ọkọ̀. Bàbá Awakọ̀ ni, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ilé-ìwòsàn. Ọkùnrin yẹn ló máa ń gbé ọkọ̀ jáde fún un lọ dán wò. Bó bá padà dé, á dúró lórí èbúté, á sì máa fi ẹnu ṣe bí ẹ́ńjìnnì.

"Bí mo ṣe rọra ń lọ, ó ń ṣe kúrú-kúrú-kúrú. Mo tì í síwájú, ó ní gbuuuun! Mo tún tì í, ó wá ń ṣe pútú, pútú, hẹ̀ẹ̀."

Ìyàwó mi á di ojú, á tẹ́tí sílẹ̀, á ní, "Púlọ́ọ̀gì kẹta ni." Púlọ́ọ̀gì kẹta náà ni yóò sì jẹ́. Àwọn tó ń wò wọ́n a máa rẹ́rìn-ín, èmi kì í rín, torí mo mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Awakọ̀ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin nílùú òkèèrè. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ilé-ìwòsàn jẹ́ ọkùnrin gìrìwò kan tí ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí ojú. Bẹ́ẹ̀-ni ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Ọkọ̀ ilé-ìwòsàn yìí ló ń kó àwọn aláìsàn wá láti àwọn abúlé òdìkejì. Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, fẹ́ kó máa sáré, wọ́n bá ra ẹ́ńjìnnì alágbára kan, irú èyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje ń lò. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ọkọ̀ náà tinú-tòde, ó ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tó bá ẹ́ńjìnnì náà wá ò lè fún un ní epo tó bó bá ń sáré gan-an, ni wọ́n bá gbé e wá fún ìyàwó mi pé kó fi pọ́ǹpù tuntun sí i. Méjì ni, iná bátìrì ló sì ń gbé méjèèjì ṣiṣẹ́: ọ̀kan á fa epo wá láti inú táńkì, èkejì á fi agbára tì í wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń fi í sí i, torí ó ní kí n wá bá òun di rọ́bà epo, èyí tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì, mú. Ó kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì kúrò. Ó nu gbogbo ibẹ̀ gbẹ. Ó wo ọfà tí wọ́n yà sára pọ́ǹpù, ó yí i kí ẹnu ọfà lè kọjú sí ẹ́ńjìnnì, ó lọ fọwọ́, ó padà wá wo ọfà yẹn. Ó fi rọ́bà fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ tẹ́ ìdí rẹ̀ kó má bàa máa gbọ̀n. Ó dè é, ó tú u, ó tún un dè. Ó wé tíṣù mọ́ gbogbo oríkèé rọ́bà kó lè rí i bí epo bá jò. Ó wá so géèjì mọ́ ọn, èyí tó ń sọ bí agbára epo ṣe tó. Nígbà tó tan án, pọ́ǹpù ní zììì, ó dákẹ́, ẹ́ńjìnnì sì gbéra. Wákàtí kan gbáko ló fi ń fa epo nínú kẹ́ẹ̀gì búlúù tí ìyàwó mi fi ń dán gbogbo ẹ́ńjìnnì wò, kò sì wúkọ́ rárá. Tíṣù gbẹ fúrúfúrú. Inú mi dùn, mo rò pé ó máa jẹ́ ká sinmi.

Wọ́n gbé e padà sórí ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó kú lórí omi.

"Báwo ló ṣe kú?" ni ìyàwó mi bi Bẹ́ẹ̀-ni.

"Ó kàn kú ni."

"Ṣé ó kọ́kọ́ pariwo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àbí kò pariwo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò rín. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà wá, ó tú pọ́ǹpù palẹ̀, ó tún un tò, ó rọ̀ ọ́ sínú kòtò, ẹ́ńjìnnì ń kọrin. Wọ́n gbé e lọ, ó tún kú. Aboyún kan wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Orí ló kó o yọ, àwọn apẹja ló fi okùn fà wọ́n dé èbúté.

Mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

"Màmá, ẹ má bínú. Lọ́la, aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa jókòó sínú rẹ̀. Ẹ máa wò ó títí tó fi máa kú, ẹ ó sì sọ ohun tó ń pa á. Bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, èmi náà ò ní lè kó aláìsàn sínú iṣẹ́ yín mọ́."

Nígbà tó lọ, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: láti tábìlì dé kòtò, láti kòtò dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ó to sípánà láti kékeré dé ńlá, ó tún wọn tò láti ńlá dé kékeré. Ó wá dúró tì mí níbi tí mo ti ń ran kọ́là.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ló wí.

"Ẹsẹ̀ wo?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ yan ọ̀kan. Mo bú sẹ́rìn-ín, ló bá yarí.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Kí ni kí n sọ fún obìnrin yẹn? Pé ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tan gbogbo wọn jẹ? Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá dákẹ́ lágbedeméjì, tí mo bá wà nínú ẹ̀, mi ò mọ ohun tí n óò ṣe."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo ní òun nìkan kọ́ ló máa lọ, mo máa tẹ̀ lé e.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀," ó wí.

"Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ó dọ́gba."

Ní èbúté lọ́jọ́ kejì, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó, ó sì yẹ ìdè rẹ̀ wò tó ìgbà méje. Ó gbẹ́sẹ̀, ó fà á padà. Ó tún gbé e, ó tún fà á padà. Bẹ́ẹ̀-ni kàn na ọwọ́ sí i, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ìyàwó mi fi gbá ọwọ́ náà mú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

A gbéra. Ìyàwó mi di ọrùn ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọlé ṣinṣin. Kò wo omi. Géèjì nìkan ló ń wò. Bẹ́ẹ̀-ni ti ẹ́ńjìnnì síwájú, iwájú ọkọ̀ gbéra sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abẹ́rẹ́ géèjì dúró sójú kan. Ó lé ní mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọlẹ̀.

"Ó ń bọ̀," ni ìyàwó mi wí. "Ó ń ṣe gbuuun... hẹ̀ẹ̀... hẹ̀ẹ̀..."

Ẹ́ńjìnnì kú.

Kò sí ariwo mọ́ àfi omi tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo wo ojú ìyàwó mi. Mo rò pé ó máa dákú. Bẹ́ẹ̀-ni na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

"Má fọwọ́ kàn án!" Ìyàwó mi ti fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ti dìde. Ó fọwọ́ tọ rọ́bà epo lẹ́yìn láti ìdí pọ́ǹpù. Ibi tó rí róbótó lára rọ́bà náà, tó yẹ kó kún fún epo, ti fún pọ̀, ó rí pẹlẹbẹ. "Pọ́ǹpù ń fa epo, táńkì ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Táńkì dà?"

Abẹ́ ìjókòó ni táńkì wà, wọ́n ti dè é mọ́ inú ọkọ̀. Ìyàwó mi ò rí i rí, kò sì lè rí i, torí ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ń gbé wá sílé. Nílé, kẹ́ẹ̀gì búlúù ló ń fún un ní epo.

"Ihò tó fi ń mí dà? Bí epo bá ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé."

Bẹ́ẹ̀-ni nàka sí páìpù tín-ín-rín kan lórí táńkì. Ọ̀dà funfun ti dí ẹnu rẹ̀ pa.

"Abẹ́rẹ́," ni ìyàwó mi wí, kò wo ojú mi. Abẹ́rẹ́ kì í wọ́n lára kọ́là aṣọ mi, mo yọ méjì fún un. Àkọ́kọ́ ṣẹ́. Èkejì wọlé, ó yí i, ó tún yí i, táńkì sì fa afẹ́fẹ́ sínú, fììììì, bí ẹni tó ti ń di èémí mú tipẹ́.

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Kì í ṣe pọ́ǹpù. Ká ní mo wọ ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá ti rí i. Ìbẹ̀rù mi ló gbé aboyún yẹn sáàárín omi." Ó sunkún, kò sì fi pamọ́. Mo di jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú lẹ́yìn.

Ó nu ojú. Ó ń fún ibi róbótó ara rọ́bà náà títí epo fi kún un. Bẹ́ẹ̀-ni yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màmá, ṣé ká padà sílé?" ni Bẹ́ẹ̀-ni bi í. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyàwó mi gbé ojú sókè, ó wo omi fún ìgbà àkọ́kọ́. "Rárá. Gbé wa dé òdìkejì. Tì í dé òpin."

Abẹ́rẹ́ géèjì ò mì títí a fi dé. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èbúté onípákó kékeré kan ló wà níbẹ̀, àti obìnrin kan tó ń fọ ìkòkò. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan òpó èbúté náà, ó bojú wẹ̀yìn wo ibi tí a ti wá.

"Ibí là ń lọ lọ́jọ́ yẹn," ló sọ fún mi. "Télọ̀, kò mà jìnnà."

Ó jókòó sórí pákó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bẹ́ẹ̀-ni bi mí bóyá ká máa lọ. Mo ní kó jẹ́ kí ìyàwó mi jókòó díẹ̀ sí i.