Rúnrúngì Làmúsà

Ní abúlé Tangìn, nílẹ̀ àwọn Mọ́sì, ìjọba ló fi Làmúsà jẹ oyè òpè. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Ìlbúdò, òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, gun alùpùpù wá láti ìlú, ó sì bá a níbi tó ti ń to ẹ̀wà sínú ìkòkò: ẹ̀wà díẹ̀, ewé rúnrúngì díẹ̀, títí ó fi kún. Ewé yìí kàn ń hù kiri ẹ̀yìnkùlé ni, ó ń ta sánsán bí efinrin, kòkòrò kì í sì í fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá.

"Ìyá, ẹ yé fi koríko bo oúnjẹ mọ́," ni Ìlbúdò wí. Ó ta ìyẹ̀fun apakòkòrò funfun kan fún gbogbo abúlé. Ìyẹ̀fun náà ṣiṣẹ́ o! Ó pa kòkòrò, ó sì pa adìẹ méje mọ́ ọn. Ìlbúdò ní ẹ̀bi àwọn adìẹ ni, wọn ò ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

Lọ́dún yìí, ó tún dé pẹ̀lú ọgbọ́n tuntun. Ó kó àwọn obìnrin jọ sábẹ́ igi emi, ó yọ ìgò kan tí kò ju ìka lọ.

"Epo tó ń pa kòkòrò ẹ̀wà nìyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ṣe é."

Ìgò náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé ọwọ́ Làmúsà. Ó gbé e sí imú. Ó dìde, ó já ẹ̀ka kan lẹ́yìn ilé, ó padà wá.

"Ọmọ mi, rúnrúngì lẹ rọ sínú ìgò yìí."

"Rárá o, Ìyá. Koríko nìyẹn. Epo nìyí."

"Epo kí ni?"

Ìlbúdò yí ìgò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Òógùn bò ó. "Ó... ó jọ pé ewé kan ni."

Tòé, aládùúgbò Làmúsà, ọmọ Sámò, ẹ̀yà tí òun àti Mọ́sì máa ń fi èébú bá ara wọn ṣeré láìbínú, pariwo pé, "Ẹ wá wo ẹrú mi! Ó ti di ọ̀mọ̀wé!"

"Dákẹ́, ìwọ ajẹ-orí-ajá. Ká ní ẹ̀yin Sámò ni wọ́n fún, ẹ ò bá ti mu ún."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgò náà dun Làmúsà, ó ní òun náà á yọ epo ewé òun. Ogójì ọdún ló ti fi ń pọn ọtí bàbà. Ìkòkò àti iná kì í ṣe àjèjì sí i. Ó kó ewé àti omi sínú ìkòkò ọtí, ó fi igbá dé e, ó fi ìyẹ̀fun pípò dí etí rẹ̀, ó sì ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, èyí tó gba inú omi tútù kọjá lọ sínú abọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, igbá fò, ó bá Tòé níwájú orí níbi tó jókòó sí tó ń yọ ṣùtì.

"Ṣé kòkòrò lẹ fẹ́ pa ni, àbí Sámò?"

"Èwo ló yàtọ̀?"

Lẹ́ẹ̀kẹta, epo léfòó lórí omi inú abọ́, kò kún ṣíbí. Làmúsà da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ẹ̀wà kan tí kòkòrò ti ń lu, ó sì dé e pa. Nígbà tó ṣí i lọ́jọ́ kẹrin, gbogbo kòkòrò ti na ẹsẹ̀ sókè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ẹ̀wà náà din àkàrà fún gbogbo agboolé. Tòé gé ọ̀kan jẹ, òórùn bí ọṣẹ gba ẹnu rẹ̀, ó tẹjú mọ́ àkàrà náà.

"Ṣé kí n jẹ ẹ́ ni, àbí kí n fi wẹ̀?"

Ojú ti Làmúsà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà jíjẹ padà sínú ewé. Ẹ̀wà tí wọn ó gbìn nìkan ló ń fi epo sí, ẹ̀kán díẹ̀. Ó kọ́kọ́ di hóró mẹ́wàá tó fi epo sí sínú àkísà tútù láti wò ó bóyá wọn á ṣì hù. Mẹ́sàn-án hù.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Ìlbúdò dé láìpe ìpàdé kankan. Kòkòrò ti sọ irúgbìn ẹ̀wà tó wà ní ọ́fíìsì wọn di ajere. Ìgò ọ̀mọ̀wé sì ti tán.

"Ìyá, epo díẹ̀..."

"Kò sí nílẹ̀. Ẹ lọ já ewé."

Ó bọ́ bàtà dídán rẹ̀, ó wọ inú rúnrúngì lọ. Oyin ta á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìkòkò fi máa hó, Làmúsà ti bu ọtí bàbà fún un nínú igbá, àwọn méjèèjì sì jókòó ti iná, wọ́n ń wo ẹnu páìpù.