Ẹni Tí Kò Mọ̀ Mí

Gàrí ni mò ń yan lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú mi. Ọ̀sán gangan ni, ní Ko-Koumolou. Àwọn ṣọ́jà bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò méjì, wọ́n yìnbọn sókè. Àwọn tá a jọ ń bó ẹ̀gẹ́ sá wọnú oko àgbàdo. Èmi ò sá, torí mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé òkè àríwá lọ́hùn-ún ni ogun àwọn agbésùnmọ̀mí mọ. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ ò rí i ni.

Síìmù fóònù ló kó bá mi. Ní Igolo tí mo ti ń ta gàrí nígbà yẹn, bí oníbàárà bá ti òdìkejì bodè wá tí kò ní ìwé ìdánimọ̀, àwa oníṣòwò la máa ń fi orúkọ wa ra síìmù fún un. Oore la kà á sí. Mo rà á fún ọkùnrin kan tó máa ń ra gàrí lọ́wọ́ mi ní àpò-àpò. Nígbà tó yá, wọ́n bá síìmù náà lára òkú agbésùnmọ̀mí kan. Wọ́n ní èmi ni mò ń bọ́ wọn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sùn lórí sìmẹ́ńtì, omi nìkan ni wọ́n ń fún mi. Wọ́n nà mí látẹ́lẹsẹ̀ títí mi ò fi lè dìde. Ọ̀gá wọn wá ní bí délégé, ìyẹn olórí àdúgbò wa, bá lè jẹ́rìí sí mi, kí n máa lọ sílé. Inú mi dùn gan-an. Àbúrò ìyá mi ni délégé yẹn, Tonton ni mo máa ń pè é, ilé rẹ̀ ni mo gbé dàgbà.

Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, kò wojú mi.

“Ẹ mọ obìnrin yìí?”

“Ìyá rẹ̀ ni mo mọ̀. Òun fúnra rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Tonton, ẹ dákun. Ẹ sọ pé ẹ mọ̀ mí.”

Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó ní kò sẹ́jọ́. Nígbà tí mo fi dé, ìyá mi ti kú. Bí mo bá dé ìdí kànga báyìí, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu àwọn obìnrin, wọ́n á pọn omi wọn lọ.

Mo bi Tonton bí ìyá mi ṣe kú. Ó ní ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń béèrè lọ́wọ́ òun ohun tí òun sọ nípa mi lọ́dọ̀ àwọn ṣọ́jà, òun sì dá a lóhùn pé rere lòun sọ. Títí ìyá mi fi kú ló ń ṣàdúrà fún Tonton.