Ohùn tó ń sọ Hausa nínú fídíò ìsọmọlórúkọ mi

Mo tú àṣírí màmá àgbà lónìí, mi ò sì mọ̀ọ́mọ̀.

Fídíò ìsọmọlórúkọ mi ni mo ń tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti bá mi yọ ọ́ kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì ní ìsọ̀ kan ní àdúgbò PZ, àmọ́ ó ṣókùnkùn birimù.

Ohùn obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń rẹ̀ mí lẹ́kún: "Yi shiru, ɗan albarka, yi shiru," ìyẹn ni pé kí n dákẹ́, ọmọ oníbùkún. A kì í rí ojú ẹ̀. Hajiya tó ń gbé yàrá kejì nígbà yẹn ni gbogbo wa rò pé ó jẹ́.

Torí màmá ò gbọ́ Hausa o! Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n. Tó o bá sọ Hausa nínú ilé, wọ́n á ní kó o lọ sọ ọ́ ní títì.

Mo wá fi ìmọ́lẹ̀ kún igun yẹn lónìí. Ojú yọ.

Màmá ni! Wọ́n gbé mi mọ́ àyà, Hausa ń dà lẹ́nu wọn bí omi.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá wọn. "Màmá, ta nìyí?"

Wọ́n nàka sí i. "Ta ló ní kó o tanná síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò gbọ́ Hausa."

"Yorùbá ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀ ọ́, o ò dákẹ́! Ó yá, bá mi dá òkùnkùn yẹn padà kíákíá, maza-maza."

Maza-maza kẹ̀!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n dá a padà ni, àbí kí n gbé e sórí wáàtísáàpù ẹbí?