Bí Mo Ṣe Gbé Ikú Ẹ-ò-rí-mi Lọ sí Òǹdó

Ikú ọkùnrin kan ló wà nínú báàgì mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí Òǹdó. Ẹ má fòyà. Ọkùnrin náà kò sí láyé rí. Èmi ni mo fi bírò bí i, èmi náà ni mo sì fẹ́ fi bírò pa á. Ẹ-ò-rí-mi ni orúkọ rẹ̀, onífàyàwọ́ ojú ọ̀run tó ń wa ọkọ̀ láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀, tó ń kó ẹrù tí ìjọba kà léèwọ̀ kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Bí mo bá ti dé láti iléèwé ni mo máa ń jókòó kọ eré rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rédíò kan nílùú wa, wọ́n a sì gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Bàbá Akínfọlárìn ló ń ṣe ohùn Ẹ-ò-rí-mi, Òǹdó ni wọ́n sì ń gbé. Ọ̀gá kọ́sítọ̀mù ni bàbá yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi lé àwọn onífàyàwọ́ kiri inú igbó lẹ́nu bodè, mo sì rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí onífàyàwọ́ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Àìsàn ọ̀fun mú wọn lọ́dún yìí, wọn kò lè fọhùn rárá, eré wa sì dúró. Nígbà tí ohùn wọn padà, ṣe ni a ń jó ní ilé iṣẹ́. Rédíò kéde pé abala tó kẹ́yìn ń bọ̀ ní Sátidé. Ìgbà náà ni bàbá ránṣẹ́ pé àwọn kò ní ṣe é. Wọn kò sọ ìdí.

Olóòtú wa pè mí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá wọn. Ì báà jẹ́ orí fóònù lẹ ti gba ohùn wọn sílẹ̀, ó tó. Bí a bá fi ohùn ẹlòmíràn parí eré yẹn, àwọn èèyàn á sọ wá lókùúta."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde nígbà tí àkùkọ ṣì ń kọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo ilẹ̀ tutù. Kẹ̀kẹ́ gbé mi gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba kọjá. Àwọn alátẹ ń gbá omi kúrò níwájú ìsọ̀, obìnrin kan sì ń pariwo sí ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Mo ti ulé bọ̀, n kò tí ì jẹun o!" Mo rẹ́rìn-ín. Àwa ará Àkúrẹ́ kì í pe ilé ní ilé, ulé ni, iyán wa náà sì ń jẹ́ uyán. Nínú kíláàsì, èmi ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ pè é bó ṣe wà nínú ìwé. Bí mo bá délé, uyán ni mo ń jẹ.

Ní gáréèjì, mo bá mọ́tò kan tó ku èrò méjì péré kó kún. Owó ọkọ̀ ti tún gòkè ju ti ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, a sì jọ kùn sí i títí a fi wọkọ̀. Ṣínà ni orúkọ awakọ̀ wa, ọmọ Ìkàrẹ́, ọ̀dọ́kùnrin tó yá mọ́ni tí kò sì lè wakọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyá kan jókòó sí, àgbẹ̀ kòkó láti Bọ́lọ́rundúró. Wọ́n ní Ìyá Bùnmi ni kí n máa pe àwọn. Bí a ti jáde nílùú, Ṣínà tan rédíò, ìkéde eré mi ló sì kọ́kọ́ bọ́ síta: "Ṣé Ẹ-ò-rí-mi á bọ́ báyìí?"

"Ta ni wọ́n ń pè ní Ẹ-ò-rí-mi?" Ṣínà bèèrè.

Ìyá Bùnmi yíjú sí i bí ẹni pé ó béèrè ẹni tó ń jẹ́ gómìnà. "O ò mọ Ẹ-ò-rí-mi? Níbo lo ń gbé?"

"Mà, kò pẹ́ tí mo dé Àkúrẹ́."

"Ó dáa, fi etí sílẹ̀." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n bí i sí, láàárín ìràwọ̀ méjì, kò sì sí ìràwọ̀ tó gbà pé ọmọ òun ni. Obìnrin oníbúrẹ́dì kan ní ibùdókọ̀ òfuurufú ló wò ó dàgbà. Ìjọba tó wà lókè lọ́hùn-ún burú. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin nǹkan, kí gbogbo ayé máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn. Ni Ẹ-ò-rí-mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fàyàwọ́ irúgbìn. Àgbàdo, èèbù iṣu, ata. Ọkọ̀ rẹ̀, Ìyá Àgbà ló ń jẹ́. Ọwọ́ àwọn tó fẹ́ yọ́ ọ fi rọ ìkòkò ló ti gbà á. Ó ń wúkọ́ bí o bá tan án!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Èèyàn dáadáa ni, àbí olè ni?" Ṣínà bèèrè.

"Jàǹdùkú ni! Ó ń purọ́ bí ẹni ń mí. Ó fẹ́ obìnrin kan sọ́nà, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó ní òun ń lọ rọ epo sínú ọkọ̀, kò sì padà mọ́. Ó kó èèbù iṣu sínú pósí nígbà kan, ó wá jókòó tì í, ó ń sunkún pé bàbá òun ló kú. Ọ̀gá Tú-u-wò, aṣọ́bodè tó ń lé e láti ọjọ́ pípẹ́, sunkún pẹ̀lú rẹ̀, ó tún dá owó òkú fún un!" Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orúnkún mi. "Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí kò dùn mọ́ mi nínú. Ó kó oògùn ibà lọ sí ìràwọ̀ kékeré kan tí àwọn ọmọ ti ń ṣàìsàn. Wọ́n ta ọkọ̀ rẹ̀ níbọn lójú ọ̀nà, epo sì ń jò. Ó gbé oògùn dé ibẹ̀. Àmọ́ bí yóò ṣe padà, n kò mọ̀."

Èmi mọ̀. Ó wà nínú báàgì tó wà lórí itan mi. Epo á tán láàárín òkùnkùn, òtútù á mú un, á sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére tó gùn tó ojú ìwé méjì, á sì kú. Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ ọ́, mo sì gbà pé ibi tí omijé bá ti bọ́ ni ìtàn ti di ìtàn gidi. Mo wo ojú fèrèsé, n kò sọ pé èmi ni mo kọ ọ́.

A dúró ní Òwẹnà. Bí ẹ kò bá gba ọ̀nà yìí rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé kò sí ebi tó lè kọjá ní Òwẹnà láìdúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà ní òkìtì òkìtì lẹ́bàá títì, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ nà gbalaja lórí igi, bọ̀ọ̀lì sì ń ta òórùn sí ni nímú. Ní Àkúrẹ́, ẹ̀pà la sábà máa ń fi jẹ bọ̀ọ̀lì. Níbí, obìnrin tó ń sun ún bu ata díndín sí tèmi lórí láìbéèrè. Ó ta mí lẹ́nu títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì padà lọ ra òmíràn.

Lẹ́yìn Òwẹnà, igbó kòkó sún mọ́ títì lọ́tùn-ún lósì. Títì náà dára níbì kan, ó kún fún kòtò níbòmíràn, Ṣínà sì ń yí ọwọ́ ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní Ẹ-ò-rí-mi gan-an kò tó òun. Ní Bọ́lọ́rundúró, Ìyá Bùnmi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dì mọ́ fèrèsé kí a tó lọ. "Àǹtí, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ ẹ sún mọ́ rédíò. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ń kọ ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti ń fi orúkọ ọmọ yẹn sínú àdúrà."

Mo ní, "Màá sọ fún un, mà." Mo gbé báàgì kúrò lórí itan mi, mo tì í sábẹ́ àga.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí mo dé ilé Bàbá Akínfọlárìn ní Òǹdó. Màmá, ìyàwó wọn, ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n kí mi ní èdè Òǹdó, gígùn, bí orin, ìdajì rẹ̀ ni mo gbọ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí wa, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ohùn sókè sódò níbẹ̀ yàtọ̀. Iyán ti wà nílẹ̀, àsun sì wà nínú àwo, ẹran ewúrẹ́ sísun tí wọ́n fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí. Àwọn ará Òǹdó máa ń sọ pé àwọn ló ni àsun. Lẹ́yìn tí mo jẹ ti Màmá, n kò ní bá wọn jiyàn.

Bàbá jókòó lórí àga, wọ́n fi aṣọ wé ọrùn. Wọ́n rù, ṣùgbọ́n ojú wọn ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ káàbọ̀." Ohùn náà ti padà lóòótọ́, ó kàn ha díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tó ń fẹ́ epo.

"Bàbá, kí ni mo ṣe yín?"

Wọ́n tọ́ka sí ìyàwó wọn. Màmá gbé àwo kúrò níwájú mi kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ẹ kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin yìí wà lórí ibùsùn, tí kò lè pe orúkọ mi, mo sọ fún Ọlọ́run pé bó bá dá ohùn yẹn padà, ọpẹ́ la máa fi í dá. Ó dá a padà. Wọ́n wá gbé ìwé yín dé, mo sì kà á. 'Òtútù ń mú mi, mo ń lọ, ó dàbọ̀.' Ẹnu tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ṣé òun la ó fi sọ pé a ń kú lọ? N kò gbà. Ì báà jẹ́ eré, n kò gbà."

Mo ti múra láti jiyàn nípa owó, nípa àárẹ̀, nípa ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí kò sí nínú ohun tí mo múra sílẹ̀ fún. Mo wo aṣọ tó wà lọ́rùn bàbá, ojú sì tì mí pé mo fẹ́ràn ojú ìwé méjì yẹn tó bẹ́ẹ̀.

"Kò ní kú, mà," ni mo sọ. "Ṣùgbọ́n n kò mọ bí yóò ṣe yè. Epo ti tán. Kò sí ẹnikẹ́ni ní sàkáání ibẹ̀."

"Kò sí ẹnikẹ́ni kẹ̀?" Bàbá fi ọwọ́ lu apá àga. "Tú-u-wò ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé Tú-u-wò? Aṣọ́bodè tó ti lé èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ṣé ó máa padà sílé nítorí òtútù? Ó wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀ yẹn!"

"Bó bá bá a, ṣebí á mú un ni?"

Bàbá ronú. Ohùn kan tí n kò gbọ́ rí wá jáde lẹ́nu wọn, ohùn ọ̀gá, tó le, tó gba imú wá. "Ẹ-ò-rí-mi! Ṣí ilẹ̀kùn! Kí lo rù?"

Wọ́n yí ọrùn, ohùn jàǹdùkú wa dáhùn. "Kò sí nǹkan kan, ọ̀gá. Mo ti já ẹrù sílẹ̀."

"Irọ́! Iṣu wo nìyẹn?"

"Àwọn ọmọ ló fi kí mi. Ẹ gbà á, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n sùn."

"Mo gba iṣu yìí lórúkọ ìjọba." Ohùn ọ̀gá náà rọ̀. "Gba epo yìí, kí o rọ ọ́ sínú pálapàla ọkọ̀ rẹ. Bí o bá kú, ta ni kí n máa lé?"

Màmá kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ẹ̀rín bọ́, ṣe ni wọ́n jókòó sílẹ̀. Èmi ti fa bírò yọ.

Àárín aṣọ Màmá la ti gba ohùn náà sílẹ̀, nínú yàrá tí àpótí àti ìró pọ̀ sí, nítorí pé kò sí ariwo níbẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣe ẹni méjì, wọ́n ń bá ara wọn jà. Mo di fóònù mú. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi gbígbóná, wọ́n a ní kí bàbá mu ún bí ohùn bá fẹ́ ha. Ewúrẹ́ aládùúgbò ké gẹ́lẹ́ bí Tú-u-wò ṣe wọ inú ọkọ̀. "Ewúrẹ́ wo nìyẹn?" ni bàbá fi ohùn aṣọ́bodè bèèrè, láìdúró. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀gá," ni onífàyàwọ́ dá a lóhùn. A fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oòrùn kò tí ì wọ̀ tí mo fi wọ ọkọ̀ padà. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń gbọ́ ohùn náà létí mi, mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan, obìnrin tó jókòó tì mí sì rọra sún díẹ̀. Mo ti rìn lọ sí ìlú tó jìnnà ju Òǹdó lọ, n kò sì mú ohun tó tó èyí bọ̀. Mo ti rò pé bí mo bá ti kọ ìtàn tán, ó ti parí nìyẹn. Mo gbé e lọ sí Òǹdó, mo bá àwọn èèyàn tó ti ń gbàdúrà fún un.

Ọkọ mi ń dáná nígbà tí mo wọlé. "Ẹ káàbọ̀ sí ulé," ló fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Kí n tó bọ́ bàtà, fóònù dún. Màmá Òǹdó ni. Mo bẹ̀rù, mo rò pé ohùn bàbá tún ti lọ.

"Tíṣà! Ẹ wá gbà mí o! Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní kí n ṣí ìkòkò ọbẹ̀ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò."

Lẹ́yìn wọn ni mo ti gbọ́ ohùn kan tó le, tó gba imú wá: "Ẹran mélòó lo rù, ìyáàfin? Má purọ́ fún ìjọba!"

Ẹ̀rín Màmá sì gba gbogbo fóònù kan.