Ìwọ̀n Bàbá Dákẹ́-ná

Ọjọ́ tí sípíkà Bàbá Dákẹ́-ná dé ni wọ́n wó ojú ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé náà ní àdúgbò, ìtàn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn, ẹni tí kò sí níbẹ̀ a sì máa mọ̀ ọ́n sọ ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni bàbá ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilẹ̀ kan ní àdúgbò yẹn tí téèpù rẹ̀ kò kàn. Nígbà tó wá pinnu láti ra sípíkà méjì tó ga tó ènìyàn, irú èyí tó ń dá dúró nílẹ̀ láìgbé e lé orí ohunkóhun, ó wọn pálọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó wọn láti ògiri dé fèrèsé, ó tilẹ̀ gun àkàsọ̀ lọ wọn òkè àjà. Ohun kan ṣoṣo tí kò wọ̀n ni ilẹ̀kùn.

Aláàárù mẹ́rin gbé èkíní dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú pákó tí wọ́n kàn yí i ká láti ibi tó ti wá. Pákó náà fi àtẹ́lẹwọ́ kan fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ.

"Bàbá, kò lè wọlé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojú wa náà ni, bàbá."

"Ojú kì í ṣe téèpù." Ó fa téèpù yọ, ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe bíríkìlà tó ń mọlé lódìkejì òpópónà.

Bíríkìlà wó férémù, ó sì wó díẹ̀ lára ògiri mọ́ ọn. Eruku sọ. Ìyàwó bàbá, tó ń ránṣọ nídìí fèrèsé, fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi òmíràn bo imú. Nígbà tí ihò náà fẹ̀ tó èyí tí màlúù lè gbà wọlé ni àgbà inú àwọn aláàárù nu ojú, tó bi bàbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé pákó yìí lẹ fẹ́ máa gbọ́ ni, àbí ohun tó wà nínú rẹ̀?"

Wọ́n tú pákó. Sípíkà jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí omidan. Ká ní ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀, ì bá gba ibẹ̀ kọjá, àyè ì bá sì ṣẹ́kù fún ológbò. Bàbá wo sípíkà, ó wo ihò, ó ká téèpù rẹ̀ sápò.

"Ìwọ̀n mi ò ṣì," ló wí. "Ilẹ̀kùn ló ṣì."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti gbogbo ènìyàn. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, tí iṣẹ́ aránṣọ ń bọ́, a máa fi dá àwọn oníbàárà tí aṣọ wọn bá fún lóhùn pé, "Ìwọ̀n mi ò ṣì, ikùn yín ló ṣì."

Bí ó ṣe jẹ́ orúkọ ìnagijẹ náà yé gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ní ohun tó lè pariwo jù ní òpópónà yẹn ló kórìíra ariwo jù. Kí bàbá tó gbé àwo orin lé ẹ̀rọ, ó ní láti pa fáànù. Ó ní láti yọ fìríìjì. A máa gbé aago ara ògiri lọ sí yàrá, a fi ìrọ̀rí bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìka kan sókè, yóò ní, "Ẹ dákẹ́ ná." Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó gbádùn orin débi pé ó gbàgbé fìríìjì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ibi tí ẹja wà, ó sì dúró.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ ń gbọ́ òórùn yìí, àbí kí n pa fáànù kí ẹ lè gbọ́ ọ dáadáa?"

Orogún ni ìyá yìí ń pe àwọn sípíkà náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì nítòsí fèrèsé ni ìyáálé, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni ìyàwó kékeré. "Bí ẹ̀yin àti àwọn orogún mi bá parí ọ̀rọ̀, oúnjẹ ti délẹ̀." Ó ń nu eruku ara wọn láràárọ̀, ó sì ń bú wọn bó ṣe ń nù wọ́n. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ ìṣirò, rántí pé àwọn sípíkà náà nìkan ni àwọn tí ìyá òun ń bú tí kò dá a lóhùn rí.

Olùkọ́ yìí náà ló mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, apoògùn, wá kí bàbá. Ọkùnrin náà ti kọ́ ohun tí yóò sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀ lákọ̀ọ́sórí. Bàbá kò béèrè ọ̀kan. Ó gbà á láyè kó jókòó sórí àga òun, ó gba aago ọwọ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì gbé àwo obìnrin kan tó ń kọrin sí gìtá kan ṣoṣo sórí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni akọrin yẹn mí kó tó bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, sà."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́."

"Èkejì, sà, èmi ni mo mí."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ èémí ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, a lè fún un níyàwó.

Onígbàjámọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ríre bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Bàbá mú òun náà jókòó, ó fi àwo kan náà sí ẹ̀rọ, ó ní, "Níbo ni akọrin dúró?"

"Nínú sípíkà ọwọ́ ọ̀tún."

"Rárá o. Láàárín ló dúró. Láàárín méjèèjì, níbi tí kò sí nǹkan kan."

Onígbàjámọ̀ dìde, ó lọ yọjú sí ẹ̀yìn sípíkà kan, ó yọjú sí ẹ̀yìn èkejì, ó padà wá jókòó. "Ó ti jáde," ló wí.

Àṣìṣe kan ni olùkọ́ rí nínú pálọ̀ yẹn láti ìgbà pípẹ́, kò sì bi bàbá rẹ̀ rí. Àga bàbá wà láàárín yàrá gan-an, ṣùgbọ́n àwọn sípíkà kò sí láàárín. Méjèèjì rọ́ sápá fèrèsé, débi pé ti ọwọ́ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kojú sí àga náà tààrà. Báwo ni awọnlẹ̀ yóò ṣe fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Bàbá ní òfin kan tó kó wá láti ibi iṣẹ́: ohun tó lè yẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni kí o fi sàmì sí i, ohun tí kò gbọdọ̀ yẹ̀, kan ìṣó olórí pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìṣó olórí pupa wà lẹ́sẹ̀ sípíkà méjèèjì. Ṣọ́ọ̀kì ló fi yí ẹsẹ̀ àga ara rẹ̀ ká.

Bàbá papòdà wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí àga náà, àwo orin ṣì ń yí. Ìyàwó rẹ̀ ní òun dá ẹ̀rọ òun dúró nígbà tó gbé ìka sókè, òun sì ń retí kó sọ ìka náà kalẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó gbà láti kó lọ sí ilé olùkọ́ àti apoògùn, ọkọ rẹ̀. Ohun gbogbo ló ní kí wọ́n dì, àfi ohun méjì.

"Jẹ́ kí wọ́n wá kó àwọn orogún mi lọ."

"Màámi, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ogún ọdún ni bàbá rẹ fi kọjú sí wọn. Bí mo bá ń ránṣọ, 'dákẹ́ ná'. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, 'dákẹ́ ná'. Mo dákẹ́. Ó fẹ́ràn wọn jù mí lọ, kò burú, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní kó orogún lọ sílé ọmọ mi."

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. Kì í ṣe títà sípíkà ló dun olùkọ́. Bí ìyá òun ṣe fẹ́ di ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ẹrù, kó sì gbé e jáde nílé náà títí ayé, ni kò jẹ́ kó sinmi.

Dókítà eyín kan ló fẹ́ rà wọ́n. Ó dé ní ọ̀sán Sátidé, ó fi ẹ̀yìn ìka kan sípíkà kọ̀ọ̀kan kó-kó-kó, ó dẹ etí sí i. "Pákó gidi ni," ló wí. "Kò sí eléyìí tó jẹrà níbẹ̀." Ó jókòó sórí àga bàbá. Olùkọ́ pa fáànù, ó yọ fìríìjì, ó fi àwo obìnrin onígìtá náà sí i.

Dókítà gbọ́ ọ díẹ̀, ó fajú ro.

"Sípíkà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohùn ló rọ́ sínú ti ọwọ́ ọ̀tún. Láàárín méjèèjì ló yẹ kí obìnrin yìí dúró. Ó dà bí ẹni pé olóògbé ṣi ìwọ̀n."

Ènìyàn lè sọ pé bàbá olùkọ́ lágídí. Ó lè sọ pé ó mú kí ẹja rà. Ṣùgbọ́n èyí!

"Dókítà, ẹ má bínú o. Bàbá mi ò ṣi ìwọ̀n rí."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?" ni màámi dá sí i láti orí àga kékeré tó fi ń ránṣọ, níbi tó ti ń ká aṣọ.

Olùkọ́ fa téèpù bàbá yọ látinú dúrọ́ọ̀. Láti sípíkà òsì dé àga, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlá. Láti ti ọ̀tún, mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ dókítà jóòótọ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ni. Bí ìwọ̀n kò bá dọ́gba níbí, ibi kan á wà tó ti dọ́gba. Ó fún dókítà ní orí téèpù mú, ó wọn ti òsì, ó wọn ti ọ̀tún, ó sún. Ó tún wọ̀n, ó tún sún. Ó ń sún lọ sápá fèrèsé, títí tí téèpù fi ka mẹ́wàá àti ààbọ̀ láti òsì, mẹ́wàá àti ààbọ̀ láti ọ̀tún. Nígbà tó gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀."

"Kí ni mo tún ṣe?"

Olùkọ́ gbé àga kékeré náà kúrò. Ó gbá àjákù aṣọ àti òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká rọ́ọ̀gì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìṣó kan wà nílẹ̀ níbẹ̀. Orí rẹ̀ pupa.

Dókítà, tí kò mọ òfin ilé náà, béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ sọ ti ṣọ́ọ̀kì fún un, ó sọ ti ìṣó. Ó gbé àga padà sórí ìṣó náà.

"Màámi, ẹ jókòó. Ẹ gbọ́ ọ. Níbo ni obìnrin yẹn dúró?"

Màámi kò ronú rárá, ó na ọwọ́ sí ògiri gbalasa tó wà láàárín sípíkà méjèèjì. "Ibẹ̀ yẹn kẹ̀. Ibẹ̀ náà ló máa ń dúró láti ogún ọdún. Onígìtá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ṣe ń gbọ́ ọ ni?"

Olùkọ́ ń ro ti onígbàjámọ̀ tó wá akọrin lẹ́yìn sípíkà tí kò rí i. Ó ń ro ti bàbá rẹ̀, tó fi ogún ọdún jókòó síbi tí ohùn ti tẹ̀, tó sì ń júwe ibi tí akọrin dúró fún àwọn ènìyàn bí ẹni pé òun ń rí i.

Màámi wo ìṣó náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó wà lórí itan.

"Ọkùnrin yìí," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo máa ń ránṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n sinmi, mi ò ní gbà. Ìgbà tó bá ní 'dákẹ́ ná' nìkan ni ọwọ́ mi ń kúrò lára ẹ̀rọ. Mo rò pé ẹ̀rọ mi ló ń dí i lọ́wọ́ ni." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti fi aṣọ oníbàárà nu ojú. "Kí ni kò wá jẹ́ kó sọ fún mi?"

"Bó bá sọ fún yín, ṣé ẹ máa jókòó?"

"Rárá o! Èmi tí mo ní aṣọ mẹ́fà láti rán!"

Dókítà ti dìde, ó ti mú fìlà rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó ní kò sí bíbínú níbẹ̀. "Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, màmá. Mi ò kì í fa eyín tí kò dun olówó rẹ̀."

Apoògùn wọn ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn orogún tó dé, wọ́n sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nídìí fèrèsé ilé náà, lábẹ́ àga kékeré, ni olùkọ́ ti kọ́kọ́ kan ìṣó olórí pupa, kó tó wọn ti sípíkà méjèèjì láti ibẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì yí ẹsẹ̀ àga bàbá ká, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè àkọ́kọ́, wọ́n pa fáànù, wọ́n yọ fìríìjì. Apoògùn bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, ó lọ fi ìrọ̀rí bò ó, ó sì wá jókòó sórí àga bàbá. Ó ń tún ẹsẹ̀ ṣe. Nídìí fèrèsé, màámi gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé ìka kan sókè.

"Dákẹ́ ná," ló wí.

Apoògùn mí lẹ́ẹ̀kan. Akọrin mí lẹ́ẹ̀kan. Orin bẹ̀rẹ̀.